Nígbà Tí A Tilẹ̀kùn Mọ́ Kòrónà, Tí Oókan Àyà Ń Jó

Bí ẹ bá rántí ọdún 2020, ẹ óò rántí bí ìgboro ṣe dákẹ́ rọ́rọ́. Ní ìpínlẹ̀ Kàdúná níbí, ọjọ́ 26 oṣù kẹta ni àṣẹ kónílé-ó-gbélé ti mú wa, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú kí ti ìjọba àpapọ̀ tó mú Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ó ju oṣù méjì lọ kí a tó gba ìtúsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì gbà pé ẹni tí Kòrónà kò bá ti mú, kò sí ohun tí ó ṣe é.

Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ènìyàn kì í kó láti ara ẹlòmíràn, tí ìbòjú kò lè dènà rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé inú ilé tí a sé ara wa mọ́ gan-an ni ó ti ráyè. Omi kíkan inú ikùn tí ń gòkè wá sí ọ̀fun ni à ń sọ. Ẹ̀yin tí ó ń ṣe mọ̀ ọ́n dáadáa. Oókan àyà á máa ta bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo ra á, omi kíkan á yọ sí ẹ̀yìn ahọ́n lóru, ohùn á há bí ilẹ̀ bá mọ́. Púpọ̀ nínú wa a máa pe gbogbo rẹ̀ ní ọ́lísà, bẹ́ẹ̀ ọgbẹ́ inú ọ̀tọ̀, èyí náà ọ̀tọ̀.

Alhaja kan wà ní àdúgbò wa tí ó ń ta aṣọ lọ́jà. Ó ní kí a má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n ó fún wa láyè láti sọ ìtàn rẹ̀. Kí Kòrónà tó dé, bí ó bá ti kírun Àsùbáà tán, ọjà ni. Yóò jẹun lọ́sàn-án, yóò darí dé nírọ̀lẹ́, yóò jẹ ìwọ̀nba oúnjẹ, yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ kírun Ìṣáì ní mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí wọ́n ti ọjà, gbogbo ètò yìí dàrú. Àwọn ọmọ wà nílé látàárọ̀ dalẹ́, iná kì í kú lábẹ́ ìkòkò. Bí wọ́n ti ń jẹ àkàrà tán ni wọ́n ń jẹ dòdò. Ààgo mẹ́wàá alẹ́ ni ẹ̀bà tó ń délẹ̀, nídìí tẹlifíṣọ̀n tí ń ka iye àwọn tí àrùn náà mú lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ tán, orí ẹní ni. Owó ọjà tí ó há sínú ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ kí oorun kùn ún.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ikọ́ gbígbẹ tí kì í gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ẹ̀yin náà ẹ rántí ohun tí ikọ́ jẹ́ nígbà náà! Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ń sún sẹ́yìn. Alhaja gbé ara rẹ̀ sí yàrá ọ̀tọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò, nítorí ó ń bẹ̀rù kí mọ́tò àwọn elétò ìlera má baà wá gbé e lójú gbogbo ayé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í se atalẹ̀, aáyù àti ọsàn wẹ́wẹ́ pọ̀, ife ńlá kan lówùúrọ̀ kí ó tó jẹun, òmíràn kí ó tó sùn. Bí ó ṣe ń mu ún ni àyà rẹ̀ ń jó sí i. Bí àyà sì ṣe ń jó ni ikọ́ ń pọ̀, tí òun náà sì ń fi kún àgbo. Àìmọye ilé ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà, a kò sì bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ̀rù ló bà wá.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara? Níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ àpò oúnjẹ, Ọlọ́hun fi iṣan kan síbẹ̀ tí ó dà bí ẹnu àpò olókùn. Ó máa ń ṣí kí oúnjẹ wọlé, a sì tún padé. Omi tí ikùn fi ń lọ oúnjẹ kan púpọ̀. Awọ inú ikùn lè gbà á, ti ọ̀fun kò lè gbà á. Bí iṣan náà bá dẹ̀, tàbí bí ikùn bá kún jù, omi kíkan yóò gòkè. Bí ènìyàn bá wà ní ìnàró tàbí ìjókòó, ó rọrùn fún omi náà láti padà sísàlẹ̀. Bí ó bá nà gbalaja, kò sí ohun tí yóò fà á wálẹ̀ mọ́. Ọ̀rá a máa pẹ́ nínú ikùn kí ó tó kọjá, ara sísan sì ń ti ikùn sókè, gẹ́gẹ́ bí oyún ṣe ń ṣe. Kódà ìró tí a dì le koko mọ́ ìdí lè ṣe é. Díẹ̀ nínú omi kíkan yìí tí ó bá sì kan ọ̀nà ohùn, ikọ́ ni yóò fà. Ìdààmú ọkàn ń jẹ́ kí ènìyàn tètè mọ ìtara náà lára. Ẹ wo bí kónílé-ó-gbélé ṣe kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ni ààwẹ̀ Rọmọdọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, inú ilé la sì ti gbà á. Níhìn-ín ni a fẹ́ kí ẹ fọkàn sí, nítorí àṣà tí a mú nígbà náà kò tíì kúrò ní ilé ẹlòmíràn. Tẹ́lẹ̀, bí a bá ti fi dàbínù àti omi ṣínu, a ó kírun Mángàríbì, a ó jẹun, a ó rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí fún Ìṣáì àti àṣámù, a ó sì rìn padà. Ìrìn yẹn àti ìdúró yẹn, oògùn ni wọ́n jẹ́ fún oúnjẹ tí a jẹ. Lọ́dún 2020, ìdílé á jẹ mọ́ínmọ́ín, àkàrà, súyà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní àjẹyó, wọn á dìde kírun lójú kan náà. Ẹni tí ikùn rẹ̀ kún bámúbámú tí ó tẹ̀ fún rúkúù, tí ó tún forí balẹ̀, omi kíkan á dé ọ̀fun rẹ̀. Bí wọ́n bá sì jẹ sààrì tán, tí wọ́n kírun Àsùbáà, wọn á padà sùn nítorí kò sí ibi tí wọ́n ń lọ. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wa láti pín ikùn láàárín oúnjẹ, omi àti èémí. Ẹ̀kọ́ yẹn ò le ní mọ́ṣáláṣí, orí àtẹ oúnjẹ ìṣínu ló ti le.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà ní wàhálà tirẹ̀. Ilé oògùn kò tì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn láti jáde, ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n ń lò. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2020, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ilé iṣẹ́ kó ranitidine kúrò lọ́jà, nítorí èròjà kan tí ó lè fa jẹjẹrẹ, tí ó lè máa pọ̀ nínú rẹ̀ bí ó bá pẹ́ nílẹ̀ tàbí bí ooru bá mú un. Ooru oṣù kẹrin ní òkè ọya kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. Omeprazole ní tirẹ̀, ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ ni a ń lò ó, bí àpẹẹrẹ kí a tó jẹ sààrì. Ẹni tí ó bá ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ tí ó ṣàdédé dá a dúró, omi kíkan lè ya dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fúngbà díẹ̀. Ibuprofen àti aspirin tí a ń gbé mì fún ara ríro lè ha ikùn àti ọ̀fun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá alásàlátù, ni ó bá Alhaja sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó bi í bóyá ara rẹ̀ gbóná, bóyá imú rẹ̀ ṣì ń gbóòórùn, bóyá èémí ń nira. Ara kò gbóná, ó ń gbóòórùn, èémí já geere. Ó wá bi í pé, "Ìyá mi, ìgbà wo ni ikọ́ yìí máa ń le?" Alhaja ní, "Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ ni." Dókítà sọ fún un pé bí ara bá gbóná pẹ́nrẹ́n kí ó jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún Kòrónà, ṣùgbọ́n kí ó dá àgbo atalẹ̀ dúró lónìí. Kí ó jẹun alẹ́ ní wákàtí 3 kí ó tó sùn, kí ó din epo àti ata kù, kí ó máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Ó ní kí wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 6 sábẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn méjèèjì ní ìhà orí. Ìrọ̀rí títò jọ lásán a máa ká ènìyàn ní ìbàdí, ìyẹn sì ń tún ikùn tì.

Ó kìlọ̀ ohun kan fún un, àwa náà sì ń kìlọ̀ rẹ̀ fún yín. Bí àyà bá fún pinpin, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí èémí ń kúrú, ẹ má dúró wo ọ́lísà, ó lè jẹ́ ọkàn. Ilé ìwòsàn lẹ gbọ́dọ̀ lọ kíákíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí oúnjẹ bá ń há lọ́fun, bí ẹ bá bì ẹ̀jẹ̀, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí bí ẹ bá ń rù láìnídìí. Ẹni tí dókítà bá sì sọ fún pé ààwẹ̀ yóò pa á lára, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún un láti san án padà nígbà mìíràn.

Kí ọdún Ìtúnnu tó dé ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, ikọ́ Alhaja ti lọ. Ọjà ti ṣí tipẹ́, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù méjèèjì ṣì wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti sọ orí ibùsùn ọ̀hún di ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ wálẹ̀ ṣeré, ó sì ń lé wọn lójoojúmọ́.