Àkọtọ́ Nàgó àti Àwòṣe Èdè Nínú Ọjà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ibi tí òǹtajà ti ń kọ orúkọ ọjà rẹ̀, iye rẹ̀ àti ìlú tí ó wà, tí òǹrajà sì ń wá a láti orí tẹlifóònù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lónìí ni ó ń so ó pọ̀ mọ́ àwòṣe èdè, èyíinì ni ètò kọ̀ǹpútà tí a ti fi ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀rọ̀ kọ́, títí tí ó fi lè ka ohun tí ènìyàn kọ, kí ó sì fèsì. Kókó tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé, kí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó lè wúlò fún ẹni tí ó kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní èdè Nàgó ní Parakou, ọ̀ràn àkọtọ́ ni a ní láti kọ́kọ́ yanjú. Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe ti onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Àkọtọ́ Nàìjíríà ni a fi kọ àpilẹ̀kọ yìí, kí àwọn òǹkàwé ìhà méjèèjì ààlà lè kà á. Àkọtọ́ Bẹ̀nẹ̀ yóò hàn nínú àwọn àpẹẹrẹ.

1. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Nígbà púpọ̀, àwòṣe èdè kì í sí nínú kọ̀ǹpútà ẹni tí ó ni ọjà. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́ ọ ni ó wà, ní ọ̀nà jíjìn. API ni a ń pe ẹnu-ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kan ń gbà bá òmíràn sọ̀rọ̀. Òǹrajà kọ ìbéèrè. Kọ̀ǹpútà ọjà gbà á, ó fi ìtọ́ni àti àkójọ ọjà tí ó wà nílẹ̀ kún un, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwòṣe. Èsì padà dé, kọ̀ǹpútà ọjà yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni òǹrajà tó rí i.

Ohun mẹ́ta ni kí a fi sọ́kàn. Èkíní, kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan wà tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń dá oníbàárà rẹ̀ mọ̀. Kò gbọdọ̀ hàn nínú ojú-ewé tí òǹrajà ń ṣí, nítorí ẹni tí ó bá rí i lè máa ná owó olówó. Èkejì, àwòṣe ń sọ ohun tí ó jọ òtítọ́. Kò mọ iye tí iṣu jẹ́ lónìí. Nítorí náà, inú àkójọ ọjà ni kí iye owó ti wá nígbà gbogbo. Ẹ̀kẹta, ègé ọ̀rọ̀ ni a fi ń ṣírò owó iṣẹ́ náà. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2023 fi hàn pé àwọn èdè tí ìwé wọn kò pọ̀ nínú ohun tí a fi kọ́ àwòṣe ni a ń gé sí ègé púpọ̀ jù, tí ó fi jẹ́ pé ìtumọ̀ kan náà ń gbówó lórí ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

2. Àkọtọ́ méjì, ọ̀rọ̀ kan

Ní 1975 ni Bẹ̀nẹ̀ gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè kalẹ̀, a sì tún un ṣe ní 1990. Nàìjíríà ní tirẹ̀ ń lo lẹ́tà abàmì-nísàlẹ̀, èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá. Ẹ wo àwọn ọjà wọ̀nyí, ti Nàìjíríà ṣíwájú, ti Bẹ̀nẹ̀ tẹ̀lé e:

iṣu — ishu
ẹ̀pà — ɛ̀kpà
ọṣẹ — ɔshɛ
epo — ekpo

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó mọ̀wé kà lè gba èyíkéyìí kọjá. Ní ti kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì tí kò tan mọ́ra ni. Nínú Unicode, tí í ṣe ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ọ jẹ́ U+1ECD, ɔ sì jẹ́ U+0254. Bí òǹtajà bá kọ «ɔshɛ», tí òǹrajà sì wá «ọṣẹ», ìwákiri tí ń fi lẹ́tà wé lẹ́tà kò ní rí i. Ọjà wà nílẹ̀, owó wà lọ́wọ́, wọn kò pàdé.

Ìṣòro kékeré kan tún wà nínú àkọtọ́ Nàìjíríà fúnra rẹ̀. A lè tọ́jú ọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà: ọ pẹ̀lú àmì òkè, ó pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, tàbí o lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Unicode ní ìlànà kan tí a ń pè ní NFC, tí ń sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n NFC kò lè sọ ɔ di ọ. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbọdọ̀ kọ òfin ìyẹn.

3. Àmì ohùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ àmì ohùn lórí tẹlifóònù. Òrí jẹ́ ọjà pàtàkì ní agbègbè Parakou. Bí a bá kọ ọ́ ní «ori», ó lè jẹ́ òrí tí a ń fi pa ara, ó sì lè jẹ́ orí ẹran. «Igba» lè jẹ́ igbá, ó lè jẹ́ ìgbà, ó sì lè jẹ́ 200. Àwòṣe yóò wo ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká láti méfò. Nínú ìtàn, àṣìméfò kò pa ẹnikẹ́ni lára; nínú ọjà, igbá 1 àti igbá 200 kì í ṣe owó kan náà. Níbi tí iyèméjì bá wà, kí ètò náà béèrè.

4. Ìṣirò owó

Ní apá púpọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ná fáráńkì CFA, fáráńkì 5 ni ìwọ̀n tí a fi ń ka owó lẹ́nu. Ohun tí àwọn Sáámá ní Nìjẹ̀r ń pè ní dala nìyẹn, tí àwọn Bàmbárà ní Málì sì ń pè ní dɔrɔmɛ. Ẹni tí ó bá sọ «100» ní ìṣirò bẹ́ẹ̀, 500 fáráńkì ni ó ń wí. Parakou jẹ́ ìlú tí àwọn oníṣòwò ìhà àríwá àti ti gúúsù ti ń pàdé. Nítorí náà, kí ètò ọjà máa fi iye owó hàn ní fáráńkì, pẹ̀lú nọ́ńbà, kí òǹtajà sì fọwọ́ sí i kí a tó gbé e jáde.

5. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

(a) Kí ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ àwòṣe, kí kọ̀ǹpútà ọjà fi NFC tò ó, kí ó sì sọ ɔ di ọ, ɛ di ẹ, sh di ṣ, kp di p. Irú àkọsílẹ̀ kan náà ni kí a fi ṣe ìwákiri.

(b) Kí a tọ́jú ohun tí òǹtajà kọ gan-an, kí a sì fi í hàn bẹ́ẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì Bẹ̀nẹ̀ ní p àti kp lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a bá ti sọ méjèèjì di p, kò sí òfin tí ó lè yà wọ́n padà dáadáa.

(d) Kí a tó ṣí ọjà fún gbogbo ènìyàn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fi ọwọ́ ara wọn kọ gbólóhùn títà àti rírà, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, kí a fi dán ètò náà wò.

(e) Kí a má ṣe fi orúkọ àti nọ́ńbà tẹlifóònù oníbàárà ránṣẹ́ sí àwòṣe láìnídìí. Òfin 2018 lórí ọ̀ràn kọ̀ǹpútà ní Bẹ̀nẹ̀ dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, APDP ni ó sì ń mójú tó o.

Ìdánwò inú (d) ṣe pàtàkì ju bí a ti lè rò lọ. Google Translate ti ní Yorùbá láti 2013, ó sì gba Fọn ní 2024. Ṣáájú èyí, ní 2020, Bonaventure Dossou àti Chris Emezue ti gbé iṣẹ́ FFR jáde, tí ń túmọ̀ Fọn sí Faransé, lẹ́yìn tí a ti ṣa gbólóhùn èdè méjèèjì jọ. Ìwádìí YORÙLECT ti 2024 yẹ Yorùbá àjùmọ̀lò wò pẹ̀lú Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ. Ó rí i pé àwọn àwòṣe kò ṣe dáadáa lórí àwọn ẹ̀ka-èdè tó bí wọ́n ti ń ṣe lórí àjùmọ̀lò. Nàgó ti Bẹ̀nẹ̀ kò sí nínú àwọn tí a yẹ̀ wò.

Òfin ìyípadà lẹ́tà kò ju ìlà díẹ̀ lọ fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Gbólóhùn Nàgó tí a fi lè mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, inú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ni ó wà. Kí olùkọ́ tí ó bá ní irú wọn gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, kí ó dà á kọ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́, láìtún un ṣe, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìlú àti ọdún tí a kọ ọ́.