ÌTÀN ÀWỌN ẸLẸ́ṢIN ÌWỌ̀-OÒRÙN AMẸ́RÍKÀ: KÍ NI KÒ JẸ́ KÍ Ó GBÓ?

Òwò kan wà tí kò lò ju nǹkan bí ogún ọdún lọ kí ó tó kú, ṣùgbọ́n ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí a ti ń kọ ìwé nípa rẹ̀, a kò sì tí ì dẹ́kun kíkà á. Òwò náà ni ti àwọn tí ń da màlúù la pápá gbalasa ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá, àwọn ẹlẹ́ṣin tí ń dé àkẹtẹ̀ ńlá tí wọ́n sì ń fi ìbọn ìléwọ́ kọ́ ìdí, àwọn tí àwọn ọmọ wa mọ̀ sí káúbọ́ì. Kò sí ẹni tí ó ti jókòó nínú ilé sinimá rí tí kò mọ ìrísí wọn. Ṣùgbọ́n kí sinimá tó dé ni ìwé ti wà, láti inú ìwé ni sinimá sì ti mú púpọ̀ nínú ohun tí ó ń fi hàn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bi ara wa léèrè pé: kí ni ó wà nínú àwọn ìwé wọ̀nyí tí ọjọ́ orí kò fi pa wọ́n? Èwo nínú ohun tí wọ́n sọ ni a lè dì mú, èwo ni wọ́n sì fi pamọ́ fún wa?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òwò náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà parí ní ọdún 1865, màlúù kún ilẹ̀ Texas bí eṣú, kò sì sí ẹni tí yóò rà wọ́n. Màlúù tí kò ju nǹkan bí dọ́là 4 lọ ní Texas lè pa tó dọ́là 40 ní àwọn ìlú ìhà àríwá tí wọ́n ń wá ẹran kiri. Ọ̀nà nìkan ni ìṣòro. Ní ọdún 1867, oníṣòwò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joseph McCoy kọ́ ọgbà ẹran sí ẹ̀bá ojú irin rélùwéè ní ìlú kékeré Abilene, ní Kansas, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ará Texas pé kí wọ́n máa da ẹran wọn bọ̀. Báyìí ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí da agbo ẹran fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta nínú eruku, nínú òjò àti nínú odò kíkún, fún owó oṣù tí kò ju bí dọ́là 30 sí 40 lọ. Ní ọdún 1874, Joseph Glidden gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba fún wáyà ẹlẹ́gùn-ún rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ fi í ṣọgbà yí oko wọn ká, ọ̀nà ẹran sì dí. Rélùwéè wọ Texas fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni òtútù ńlá ti ọdún 1886 sí 1887 dé, ó pa màlúù tí ó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ran sì di onígbèsè. Òwò náà parí.

Ṣùgbọ́n ibi tí òwò kú sí ni ìwé ti rí oúnjẹ jẹ. Ní tòótọ́, James Fenimore Cooper ti la ọ̀nà sílẹ̀ ṣáájú, nítorí láàrin ọdún 1823 sí 1841 ni ó kọ ìwé márùn-ún nípa ọdẹ kan tí ń jẹ́ Natty Bumppo. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni The Last of the Mohicans, tí ó jáde ní 1826. Ní ọdún 1860, ilé ìtẹ̀wé Beadle ní New York bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà ní sẹ́ńtì 10 péré, owó tí ọmọ-iṣẹ́ pàápàá lè yọ sílẹ̀. Obìnrin ni ó kọ àkọ́kọ́ nínú wọn, Ann S. Stephens ni orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ ìwé tí ó sọ darandaran di akọni ènìyàn ni The Virginian, tí Owen Wister kọ ní ọdún 1902.

Ẹ kíyè sí irú ènìyàn tí ó kọ àwọn ìwé wọ̀nyí. Agbẹjọ́rò ará Philadelphia ni Wister. Nítorí àìlera ni ó ṣe kọ́kọ́ lọ sí Wyoming ní 1885. Oníṣègùn eyín ni Zane Grey ní New York kí ó tó di ẹni tí ó kọ Riders of the Purple Sage ní 1912. Karl May, ará Jámánì, ti kọ ìtàn Winnetou, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì ti kà á, kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1908. Jack Schaefer, tí ó kọ Shane ní 1949, oníṣẹ́ ìwé ìròyìn ni, kò sì tí ì fi ojú rí ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn náà nígbà tí ó kọ ọ́. Ará ìlú ni wọ́n, àwọn ará ìlú ni wọ́n sì kọ ọ́ fún.

Níhìn-ín ni ìdí kìíní wà. Akọ̀wé tí ó tẹ̀ orí ba sórí ìwé ìṣirò láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, oníṣòwò tí ó ń dúró de owó àwìn tí kò dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí a kò fún ní iṣẹ́ nítorí pé kò ní ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá: gbogbo wọn ni ó mọ bí ó ti rí kí a máa fi ìwé ẹ̀rí àti orúkọ bàbá ẹni wọn ènìyàn. Nínú ìtàn wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí Shane gun ẹṣin wọ oko ìdílé Starrett, wọn kò mọ ibi tí ó ti wá, kò sì sọ fún wọn. Kùkùté igi ńlá kan wà nínú oko náà tí ó ti dá baálé ilé lágara; Shane mú àáké, àwọn méjèèjì jọ bá a jà títí wọ́n fi hú u. Lórí kùkùté náà ni ọ̀rẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ kí ìbọn tó dún. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Irú ayé bẹ́ẹ̀ wu ọkàn ènìyàn ní ibi gbogbo, kò sì yà wá lẹ́nu pé a túmọ̀ àwọn ìwé wọ̀nyí sí èdè púpọ̀.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ, òun ni a sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa fi ọkàn sí jù. Nínú ìwé wọ̀nyí, òfin jìnnà. Ilé ẹjọ́ wà ní ìrìn ọjọ́ púpọ̀, ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni ó sì wà fún ilẹ̀ tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Bí wọ́n bá jí ẹran ọkùnrin kan, ta ni yóò dá ẹjọ́ náà? Nínú The Virginian, àwọn ẹlẹ́ran mú àwọn olè màlúù, ọ̀kan nínú àwọn olè náà sì ni Steve, ọ̀rẹ́ akọni ìtàn náà láti ìgbà pípẹ́. Akọni náà wà lára àwọn tí ó so ọ̀rẹ́ rẹ̀ rọ̀. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n Wister fi í hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe ohun tí ó yẹ, ó sì mú kí adájọ́ kan nínú ìwé náà ṣe àlàyé pé nígbà tí ilé ẹjọ́ kò bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, àwọn ará ìlú lè gba agbára wọn padà.

Ọdún méjìdínlógójì lẹ́yìn náà, ní 1940, Walter Van Tilburg Clark, tí ó dàgbà ní Nevada, kọ The Ox-Bow Incident, bí ẹni pé ó ń dá Wister lóhùn. Ìròyìn dé ìlú kan pé wọ́n ti pa darandaran kan tí ń jẹ́ Kinkaid, wọ́n sì ti kó ẹran lọ. Inú bí àwọn ènìyàn, wọ́n gun ẹṣin, wọ́n lépa, wọ́n sì bá ọkùnrin mẹ́ta pẹ̀lú màlúù lóru. Ọ̀kan nínú wọn, Martin, sọ pé òun ra ẹran náà, òun sì ti san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tà á kò tí ì kọ ìwé ìtajà lé òun lọ́wọ́. Ó ní òun yóò fi í ránṣẹ́. Wọn kò gbà á gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rọ̀. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ ni wọ́n pàdé Kinkaid lórí ẹṣin, láàyè.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ wo nǹkan! Ọkùnrin mẹ́ta kú nítorí ìwé pélébé kan tí kò sí lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí igbe “Olè!” ti ń kó èrò jọ ní ọjà wa rí, tí ó sì ti rí bí ọwọ́ ti ń yá ju etí lọ, kò ní í pe ìwé yìí ní ìtàn òkèèrè.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwé ìtajà ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo àwọn ìwé ìtàn náà pẹ̀lú. Ilẹ̀ tí wọ́n ń da ẹran kọjá, lọ́wọ́ ta ni wọ́n ti rà á? Pápá náà kò ṣófo. Àwọn onílẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tí òyìnbó ń pè ní Índíà. Ní ọdún 1868, ní Fort Laramie, ìjọba Amẹ́ríkà bá àwọn Lakota tọwọ́ bọ ìwé pé òkè Black Hills jẹ́ tiwọn. Ní 1874 wọ́n rí wúrà níbẹ̀. Ní 1877 ìjọba gba ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1890, àwọn ọmọ ogun pa Lakota tí kò dín ní 150 ní Wounded Knee, àwọn obìnrin àti ọmọdé wà nínú wọn. Ní ọdún 1980, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá a pé ẹ̀tọ́ owó tí ó ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ ni láti san fún Black Hills. Àwọn Lakota kọ̀, wọn kò gba owó náà. Wọ́n ní ilẹ̀ àwọn ni àwọn ń fẹ́. Martin inú ìtàn kò ní ìwé, wọ́n so ó rọ̀. Àwọn Lakota ní ìwé, ìwé náà kò sì gbà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé àtijọ́ fi pamọ́. Nínú wọn, onílẹ̀ a máa jẹ́ òǹrorò tí ń fò jáde láti inú igbó, tàbí ẹni rere tí ó fẹ́ kú tán. Cooper pàápàá kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn Mohican ti dé orí ẹni ìkẹyìn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn wà ní Wisconsin títí di òní. Àwọn àgbà wa sì wí pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Wọ́n tún fi àwọn ènìyàn dúdú pamọ́. Àwọn òpìtàn ṣírò pé nínú àwọn tí ń da màlúù nígbà náà, bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ ènìyàn dúdú. Nat Love, tí a bí sí oko ẹrú ní Tennessee ní 1854, di darandaran tí òkìkí rẹ̀ kàn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní 1907. Bass Reeves, tí a bí sí oko ẹrú ní 1838, di agbófinró ìjọba ní 1875. Kò mọ̀wé, a máa ní kí a ka ìwé àṣẹ sí òun létí, a sì há a sórí kí ó tó lọ mú ọ̀daràn. Ní ọdún 1902, ọdún kan náà tí The Virginian jáde, ọmọ rẹ̀ pa ìyàwó. Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó gba ìwé àṣẹ náà, ó lọ mú ọmọ rẹ̀, ó sì fà á lé ilé ẹjọ́ lọ́wọ́. Akọni inú ìwé so ọ̀rẹ́ rẹ̀ rọ̀ láìsí ẹjọ́, a sì yìn ín. Ọkùnrin dúdú tòótọ́ fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ fún òfin, ó sì pẹ́ gidigidi kí ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ta ni nínú àwọn méjèèjì ni ó yẹ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wa?

A kò sọ nítorí èyí pé kí a kó àwọn ìwé náà dà sínú iná. Ẹ má jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtàn náà kò tí ì gbó nítorí pé ìbéèrè inú rẹ̀ kò tí ì gbó: bí kò bá sí ẹni tí ń wò mí, tí òfin sì jìnnà, irú ènìyàn wo ni èmi yóò jẹ́? Àwọn tí ó kọ ọ́ lẹ́yìn ń ṣe àtúnṣe pẹ̀lú. Nínú Lonesome Dove, tí Larry McMurtry kọ ní 1985 tí ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1986, Deets, ọkùnrin dúdú, ni ó mọ ọ̀nà jù nínú gbogbo àwọn tí ń da ẹran náà. Ní 1986 kan náà ni James Welch, ọmọ ẹ̀yà Blackfeet, kọ Fools Crow, ó sì sọ ìtàn náà láti inú àgọ́ àwọn onílẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tí ó bá ka The Virginian wá The Ox-Bow Incident kà tẹ̀lé e, kí ẹni tí ó bá sì ka Cooper má ṣaláì ka Welch. Bí ọmọ yín bá mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá a jókòó, kí ẹ sì bi í léèrè, nígbà tí ó bá kà á dé òpin, ta ni ó ni ilẹ̀ tí ẹṣin náà ń sáré lórí rẹ̀.