Ṣé Ọ̀lẹ Ni Ọmọ Yín, Tàbí Ó Dá Wà?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Yunifásítì tàbí tí ẹ ń gbàdúrà kí ọmọ yín wọ ibẹ̀, tiyín ni ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ kan ń gba ipò kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Gbogbo àdúgbò ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ wọn. Ó wọ Yunifásítì, ó ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, ó fìdí rẹmi. Kí ni a sábà máa ń wí? Bàbá á ní, “Ìgbádùn ló gbé e lọ.” Ìyá á ní, “Ọ̀rẹ́ burúkú ni.” Olùkọ́ á ní, “Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni kò dára.” A ti dá ẹjọ́ tán, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó tíì bi ọmọ náà léèrè pé, “Báwo ni o ṣe ń kàwé? Ta ni ẹ jọ ń kà á?” Àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìlú òkèèrè kan tí wọ́n ti bi ìbéèrè yìí, kí ẹ wo ohun tí ó tìdí rẹ̀ yọ.

Ẹni tí ó lọ fojú ara rẹ̀ wò ó

Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1970, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Uri Treisman ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Kalifóníà tí ó wà ní Berkeley, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ṣàkíyèsí ohun kan tí ó ká a lára. Ìṣirò gíga kan wà tí wọ́n ń pè ní calculus. Òun ni ẹnu ọ̀nà fún ẹni tí ó bá fẹ́ di ẹnjiníà tàbí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀pọ̀ ọmọ adúláwọ̀ ni ó ń ṣubú ní ẹnu ọ̀nà yìí, nígbà tí àwọn ọmọ tí ìran wọn ti Ṣáínà wá ń yege. Ìwé kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ìdánwò kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Treisman bi àwọn olùkọ́ léèrè ìdí rẹ̀. Ìdáhùn mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn: àwọn ọmọ náà kò ní ìtara, ìpìlẹ̀ wọn kò dára, òbí wọn kò mọ iyì ẹ̀kọ́, òṣì ló ń bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kò gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ó mú ọmọ adúláwọ̀ 20 àti ọmọ ìran Ṣáínà 20, ó sì ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn láti mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé gan-an.

Kò pẹ́ tí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi tú ká. Lára àwọn ọmọ adúláwọ̀ wọ̀nyí ni àwọn tí ó gbégbá orókè ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti wá. Àwọn òbí mìíràn ti pinnu, kí wọ́n tó bí ọmọ rárá, pé Yunifásítì ni yóò lọ.

Oúnjẹ alẹ́ àti ìwé

Kí ni ó wá fa ìyàtọ̀? Àwọn ọmọ ìran Ṣáínà ń fi nǹkan bí wákàtí 14 lọ́sẹ̀ sí ìṣirò náà. Wákàtí 8 sí 10 nínú rẹ̀ ni olúkúlùkù ń dá ṣiṣẹ́. Bí ó bá di alẹ́, wọn á péjọ, wọn á jọ se oúnjẹ, wọn á jẹun, wọn á sì yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù á mọ̀ pé òun ti ṣìnà, wọn á sì fi ibi tí ó ti ṣì í hàn án. Bí kò bá sí ẹni tí ó rí i ṣe, wọ́n mọ̀ pé ìbéèrè náà ló le, kì í ṣe pé orí àwọn ni kò pé. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan kan á wọlé, á sì dán wọn wò.

Àwọn ọmọ adúláwọ̀ ńkọ́? Wọ́n ń lọ sí kíláàsì, wọ́n ń kọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ń fi wákàtí 6 sí 8 sí i lọ́sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ṣe wí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 20, àwọn 18 kò bá ẹlẹgbẹ́ wọn kàwé rí. Ìwé wà lọ́tọ̀, ọ̀rẹ́ wà lọ́tọ̀. Bí iṣẹ́ bá dojú rú, olúkúlùkù á dá jókòó nínú yàrá rẹ̀, á rò pé òun nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ̀pọ̀ ọmọ òyìnbó tí òbí wọn jẹ́ lébìrà tàbí tí wọ́n ti ìgbèríko wá. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara.

Wọn kò dín ìdánwò kù

Ní ọdún 1978, ètò tuntun bẹ̀rẹ̀. Treisman kò pè é ní ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ó kùnà. Ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n máa fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe òun? Ó pè wọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń retí ohun ńlá lọ́dọ̀ wọn. Ó fún wọn ní ìṣirò tí ó le koko, wọ́n sì ń jọ jà á ní ẹgbẹ́ kéékèèké. Olùkọ́ ń rìn yí wọn ká, ṣùgbọ́n kì í bu ìdáhùn fún wọn. Ìdánwò tí gbogbo kíláàsì ń ṣe náà ni àwọn náà ń ṣe. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ tí ó wà nínú ètò náà kò yege lásán: máàkì wọn ju ti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò sí nínú rẹ̀ lọ, títí kan àwọn òyìnbó. Nígbà tí ó yá, àwọn Yunifásítì mìíràn mú un lò.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, òdodo nínú kíláàsì nìyí. Kì í ṣe pé kí a fi máàkì ta ọmọ lọ́rẹ nítorí àánú. Ó jẹ́ pé kí a wádìí ohun tí ó dí i lọ́nà kí a tó dá a lẹ́bi.

Àwa ńkọ́?

Ẹni tí ó bá ti jókòó ní ilé-kéú rí mọ̀ pé ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọ tí ó bá ti mọ wàláà tirẹ̀ ni alfa sábà máa ń ní kí ó kọ́ èyí tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí a fi ń gbàgbé rẹ̀ bí ọmọ bá dé Yunifásítì, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lè wà nínú yàrá kan ṣoṣo? Ẹ wo ọmọ abúlé tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara, tí ẹ̀rù ń bà á láti nawọ́. Ẹ wo ọmọbìnrin tí ó ń sáré kúrò ní kíláàsì lọ bá ìyá rẹ̀ ta ọjà. Ta ni yóò bá wọn jókòó?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá wálé, ẹ má kàn bi í pé, “Máàkì mélòó lo gbà?” Ẹ bi í pé, “Ta ni ẹ jọ ń kàwé?” Ẹ kìlọ̀ fún un pé kí ó kọ́kọ́ dá gbìyànjú, nítorí kíkàwé pọ̀ kì í ṣe dídà iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ. Bí ẹ bá sì ń bẹ̀rù kí ọmọbìnrin yín má máa rìn lóru, ẹ má tìtorí rẹ̀ dá a dá ìwé. Ẹ jẹ́ kí ó pe àwọn ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ wá sí pálọ̀ yín lọ́sàn-án, kí ẹ sì gbé ìkòkò ìrẹsì kaná fún wọn.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ìwé náà, ẹrù ni.