Ọlọ́pàá Inú Ọgbà Yunifásítì: Àṣẹ Ta Ni Ó Ń Lò?

Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ ọlọ́pàá fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ọkọ̀ tí ó kún fún àwọn agbébọn, tajútajú, àti eré àsápajúdé. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí náà ti sá irú eré bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́. Bàtà mi ẹsẹ̀ kan kò bá mi délé ní ọjọ́ náà. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu tí wọ́n bá gbọ́ pé ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yunifásítì fúnra rẹ̀ ni ó ń gba ọlọ́pàá síṣẹ́, òun ni ó ń san owó oṣù rẹ̀, òun ni ó sì ń rán aṣọ iṣẹ́ fún un. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹni tí ó ń ṣe é ń ṣe láàárín ọ̀sán àti òru, àti ìdí tí irú rẹ̀ kò fi sí lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa òbí pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń kàwé ní àwọn ọgbà ọ̀hún lónìí.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Láti ara "oní" àti "ọ̀pá" ni a ti ṣẹ̀dá "ọlọ́pàá". Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pá ni ó ń mú kí a bẹ̀rù ẹni tí ó mú un dání, bí kò ṣe ẹni tí ó fi í lé e lọ́wọ́. Ìlàrí ní Ọ̀yọ́ àti ẹmẹsẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kò ní agbára kan tí ó jẹ́ tiwọn. Agbára ọba ni wọ́n ń gbé kiri. Ìbéèrè tí a óò máa bi ara wa nìyẹn bí a ti ń bá àlàyé yìí lọ: àṣẹ ta ni ọlọ́pàá inú ọgbà ń lò?

Bí Iṣẹ́ Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1894 ni Yunifásítì Yale, tí ó wà ní ìlú New Haven, gba ọlọ́pàá méjì láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ìlú náà pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọgbà. Orúkọ wọn ni William Weiser àti James Donnelly. Èdè-àìyedè ti wà láàárín àwọn ará ìlú àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1824, àwọn ará ìlú tìtorí òkú tí wọ́n jí hú nínú sàréè ya bo ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá méjì yìí dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fọkàn tán wọn. Sùúrù ni wọ́n fi wọ̀ wọ́n lára. Weiser kọ ìwé kan nípa iṣẹ́ náà, *Yale Memories*, tí ó jáde ní ọdún 1914.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Oxford ti wà ṣáájú èyí. Òfin ọdún 1825 ni ó fún yunifásítì ibẹ̀ láṣẹ láti ní ọlọ́pàá. Àṣẹ wọn kò mọ sí inú ọgbà nìkan, ó dé ibi tí ó jìnnà tó máìlì mẹ́rin sí i. Fìlà dúdú róbótó ni wọ́n máa ń dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ wọ́n lórúkọ ajá (ẹ kò ní retí kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ wọ́n lórúkọ mìíràn). Ọdún 2003 ni a tú ẹgbẹ́ náà ká.

Ohun tí ó sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ oníbọn ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọdún 1966. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gun ilé gogoro tí ó wà láàárín Yunifásítì Texas ní Austin, ó sì ń yìnbọn lu àwọn tí ó ń kọjá nísàlẹ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó pa ènìyàn tí ó lé ní mẹ́wàá. Àwọn ọlọ́pàá ìlú ni ó gòkè lọ pa á, nítorí yunifásítì náà kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé aṣòfin Texas ṣe òfin tí ó fún àwọn yunifásítì láṣẹ láti ní in.

Iṣẹ́ Òòjọ́ Wọn

Ẹni tí ó bá rò pé ìbọn yíyìn ni iṣẹ́ yìí ti ṣìnà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ olórí ilé nínú agboolé ńlá. Ọlọ́pàá náà yóò lọ yípo láti wò ó bóyá ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí ti wà ní títì. Yóò kọ ẹjọ́ kẹ̀kẹ́ àti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n jí. Yóò sin ọmọbìnrin tí ó kàwé pẹ́ ní ilé ìkàwé dé ẹnu ọ̀nà ilé gbígbé rẹ̀. Yóò gbé ẹni tí ó mutí yó kọjá ààlà lọ sí ilé ìwòsàn. Ní òru mìíràn, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jókòó ti ọmọ ọdún méjìdínlógún kan tí ayé ti sú, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ tàbí títí oníṣègùn yóò fi dé. Ní ọdọọdún ni àwọn ọmọ tuntun ń dé, tí àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n sì ń lọ. Ìdí nìyí tí ó fi gbọ́dọ̀ máa tún ìgbẹ́kẹ̀lé kọ́ láti ìpìlẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí àwọn ọlọ́pàá ìlú ń lọ ni òun náà máa ń lọ, ó sì lè fi ọwọ́ òfin mú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣẹ̀: ó lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ó sì lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé ìgbìmọ̀ ìbáwí yunifásítì lọ́wọ́. Èwo ni yóò yàn? Ibí ni ewu iṣẹ́ náà wà, nítorí yunifásítì a máa fẹ́ dáàbò bo orúkọ rẹ̀.

Ikú ọmọbìnrin kan ni ó mú kí ìjọba dá sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 1986, wọ́n pa Jeanne Clery sínú yàrá rẹ̀ ní Yunifásítì Lehigh. Ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí ó wà ní títì ni àwọn kan ti fi nǹkan gbé sílẹ̀ ní ṣíṣí. Àwọn òbí rẹ̀ jà fitafita títí òfin tí a fi orúkọ rẹ̀ pè fi jáde ní ọdún 1990. Òfin yìí ní kí yunifásítì tí ó ń gba owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ máa kéde iye ọ̀ràn tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà lọ́dọọdún, kí ó sì tètè ta àwọn ènìyàn lólobó bí ewu bá ń bẹ. Ní Virginia Tech, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin ọdún 2007, agogo méje kọjá ní òwúrọ̀ nígbà tí wọ́n pa ènìyàn méjì nínú ilé gbígbé kan. Agogo mẹ́sàn-án ti kọjá kí yunifásítì tó fi íméèlì kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn. Láìpẹ́ sí i, agbébọn kan náà pa ọgbọ̀n ènìyàn nínú ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìjọba bu owó ìtanràn lé yunifásítì náà.

Ewu náà kò sì yọ ọlọ́pàá sílẹ̀. Inú ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni Sean Collier, ọlọ́pàá inú ọgbà MIT, jókòó sí ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin ọdún 2013 tí àwọn tí ó ju bọ́ǹbù ní Boston fi yìnbọn pa á.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, ní Yunifásítì California tí ó wà ní Davis, àwọn aláṣẹ fẹ́ kí wọ́n kó àgọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fẹ̀hónú hàn kúrò. Ọlọ́pàá ọgbà kan rìn kọjá níwájú àwọn ọmọ tí ó jókòó sílẹ̀, ó sì ń fọ́n oògùn ata sí wọn lójú bí ẹni ń fọ́n oògùn kòkòrò. Níṣẹ́ ẹrú ni ó fi jẹ́ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2012, yunifásítì gbà láti san mílíọ̀nù kan dọ́là láti fi yanjú ẹjọ́ tí àwọn tí ó fara gbá a pè.

Ti Ọ̀dọ̀ Wa Ńkọ́?

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 214, sọ pé ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní orílẹ̀-èdè yìí. Abala yìí ni kò jẹ́ kí yunifásítì wa lè ní ọlọ́pàá. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ní. Ẹ̀ṣọ́ lè dá ènìyàn dúró, ó lè yẹ káàdì ìdánimọ̀ wò, ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá wúwo, ọlọ́pàá ìjọba ni yóò fa ọ̀daràn lé lọ́wọ́. Bí gíwá bá sì ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá, àwọn tí yóò wá kò mọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì mọ̀ wọ́n.

A ti rí ohun tí ó lè ti ibẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, ọlọ́pàá wọ Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn, ìbọn wọn sì pa Kúnlé Adépéjú. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1999, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọlé lóru, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, tí akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, George Iwilade, wà lára wọn. Kò sí ọlọ́pàá tí ó dá wọn lọ́nà. Ẹni tí ó bá ń sọ pé kí ọlọ́pàá má ṣe wọ ọgbà rárá kò gbọdọ̀ gbàgbé òru Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá ń pè wọ́n ní gbogbo ìgbà kò gbọdọ̀ gbàgbé ọ̀sán Ìbàdàn. Ní tèmi, ẹ̀ṣọ́ tí a kọ́ dáadáa, tí a ń sanwó rẹ̀ lásìkò, tí ó sì mọ àwọn ọmọ lójú, wù mí ju ibọn lọ.

Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí Amẹ́ríkà níláti ṣàlàyé fún un pé ọlọ́pàá tí yóò rí nínú ọgbà kì í ṣe mẹ́gàádì. Bí ó bá ní kí ó dúró, kí ó dúró, kí ó sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn. Kí òbí náà sì mọ ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ìròyìn ọ̀ràn ọdọọdún ti yunifásítì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde kí ó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, iye ọ̀ràn ọdún mẹ́ta sì máa ń wà nínú rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí, ẹni tí ó wà ní Ìkàrẹ́ tàbí Ìsẹ́yìn sì lè kà á kí ó tó san owó ilé ẹ̀kọ́.