Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu lórí Kẹ̀kẹ́: Ìpadàbọ̀ ni kí Ẹ Kọ́kọ́ Rò

Ní oṣù kẹjọ ọdún, ilé-ìwé ti wọ ìsinmi. Ọ̀pọ̀ òbí ń ronú ibi tí wọn yóò mú ọmọ lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè sọ pé ìsinmi kò sí fún òun. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ wà nínú ilé, ó fara ti ògiri. Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, ọ̀nà náà lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà. Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè gùn ún já. Àìlágbára kọ́ ló sábà máa ń da irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ rú, àìṣètò ni.

Ẹ fi ojú inú wo aránṣọ kan ní Àjàṣẹ́. Ọmọ Kétu ni. Ìyá rẹ̀ ti dàgbà, ó sì ń gbé ní ilé. Ọmọkùnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 13. Inú takisí nìkan ni ọmọ náà ti ń wo ọ̀nà Kétu, tí igi àti ilé ń sá kọjá lójú fèrèsé. Bàbá fẹ́ kí ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ ọ̀nà ilé kí ìyá àgbà tó lọ. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, kò sì kọ̀, ṣùgbọ́n ó béèrè ọ̀rọ̀ kan:

— Bàbá ọmọ mi, ẹ ó lọ, mo ti gbọ́. Báwo ni ẹ ó ṣe bọ̀?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ètò. Ní oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ ń ti ìhà òkun fẹ́ wá, ó sì ń lọ sí òkè. Ẹ̀yìn ẹni tó ń lọ sí Kétu ni yóò ti máa tì í. Ẹni tó ń padà bọ̀ ní Àjàṣẹ́ yóò kò ó lójú, ara rẹ̀ yóò sì ti rẹ̀. (Ní àkókò ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà: afẹ́fẹ́ ń ti òkè bọ̀, ó sì dára kí ènìyàn ti Kétu sọ̀ kalẹ̀ wá.) Nítorí náà, aránṣọ wa àti ọmọ rẹ̀ yóò gun kẹ̀kẹ́ lọ, wọn yóò wọ takisí bọ̀, a ó sì di kẹ̀kẹ́ méjèèjì mọ́ orí ọkọ̀. Owó ọkọ̀ yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Wọn yóò sì bá awakọ̀ tí wọ́n mọ̀ dúnàádúrà ṣáájú, torí pé ẹni tó rẹ̀ létí títì kì í lè dúnàádúrà.

Ó ku ọjọ́ tí wọn yóò lọ. Ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òjò máa ń dẹwọ́ díẹ̀ láti nǹkan bí àárín oṣù keje títí di àárín oṣù kẹsàn-án. Dídẹwọ́ kọ́ ni dídá, nítorí náà ọ̀rá tí wọn yóò fi bo ẹrù ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n aránṣọ kò lè yan ọjọ́ tó wù ú. Bí oṣù kẹjọ bá ti ń parí lọ, àwọn òbí yóò máa kó aṣọ ilé-ìwé wá fún un láti rán, owó ńlá ọdún rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kò sì yẹ kí ó gbéra lásìkò ọdún òmìnira, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, nígbà tí ọkọ̀ kún ojú títì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọdún náà ló kù fún un. Yóò tún béèrè ọjọ́ ọjà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ná ọjà ní ọ̀nà náà, kí ó má baà bá ọkọ̀ ẹlẹ́rù pàdé ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹsẹ̀ ọmọ ni a ó fi ka ọjọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ bàbá. Kẹ̀kẹ́ tó rù díẹ̀ lè rin nǹkan bí 12 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọjọ́ kìíní, wọn yóò dé Ìtakété, tí ìwé ìjọba ń pè ní Sakété: nǹkan bí 30 kìlómítà. Ọjọ́ kejì, Pobè: bí 30 mìíràn. Ọjọ́ kẹta, Kétu: bí 50. Àwọn ọ̀rẹ́ yóò rẹ́rìn-ín pé ọjọ́ méjì ti tó. Àwọn kọ́ ni yóò gùn ún.

Ọjọ́ kẹta yìí ló gba ọgbọ́n jù. Lẹ́yìn Pobè, ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì àwọn Ọ̀họ̀rí. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, amọ̀ rẹ̀ sì máa ń di ẹrẹ̀ líle nígbà òjò. Láyé àtijọ́, òjò a máa gé ọ̀nà náà kúrò pátápátá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ fún ìjọba Faransé, ẹrẹ̀ yìí wà lára ohun tó dáàbò bò wọ́n. Lónìí, títì ọlọ́dà ti la ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yà kúrò lórí ọ̀dà láti wá ọ̀nà àbùjá yóò rí i pé amọ̀ yóò há sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kò sì ní yí mọ́. Lẹ́yìn àfonífojì náà, ilẹ̀ tún ń gòkè lọ sí Kétu.

Kìlómítà 50 yóò gba wákàtí mẹ́rin ó lé, láìka ìsinmi. Bí wọ́n bá gbéra bí ilẹ̀ ti ń mọ́, wọn yóò dé kí oòrùn tó yí. Òru kò gbọdọ̀ bá wọn lọ́nà, nítorí ọkọ̀ ńlá àti àwọn alùpùpù tó ru bẹntiróòlù kpayo kì í tètè rí kẹ̀kẹ́ nínú òkùnkùn. Nítorí náà, ìlà kan wà nínú ìwé ètò bàbá: bí agogo 12 bá lù tí wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà, wọn yóò dá ọkọ̀ dúró. Owó ìyẹn náà ti wà lọ́tọ̀.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Búréèkì tó mú, ṣéènì tí a fọ̀ tí a sì fi epo sí, túùbù kan lápò, pọ́ọ̀ǹpù, àti rọ́bà pẹ̀lú gọ́ọ̀mù ìlẹ̀. A ó gbé ìjókòó sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán bí ó bá tẹ ìtẹ̀sẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹrù yóò wà, a ó fi rọ́bà túùbù àtijọ́ dì í. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọn yóò di gbogbo ẹrù náà, wọn yóò gùn ún lọ sí Adjarra, wọn yóò sì padà, ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tí yóò já, ẹ jẹ́ kí ó já nítòsí ilé.

Ní ti oúnjẹ, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Paul de Vivie, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Vélocio, ti kọ́ àwọn arìnrìn-àjò oníkẹ̀kẹ́ kí ó tó kú ní 1930 pé kí wọ́n jẹun kí ebi tó pa wọ́n, kí wọ́n sì mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gàrí tó fún èyí, pẹ̀lú ìgò omi ńlá méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ó ku àwọn ará ilé. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ ní Kétu gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, ó sì pariwo:

— Kẹ̀kẹ́ kẹ̀! Ṣé iṣẹ́ kò lọ dáadáa mọ́ ni?

— Iṣẹ́ ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Ìyá, kí àyà wọn má já. Alaalẹ́ ni n ó máa pè yín.

Wọn yóò lo ọjọ́ mẹ́ta ní Kétu. Ọjọ́ kan wà fún oorun. Ọjọ́ kan wà fún Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè ìlú tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì fọ́ ní 1886. Ọjọ́ kan jẹ́ ti ìyá àgbà nìkan. Ní ìsàlẹ̀ ìwé ètò náà, ìyàwó aránṣọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà awakọ̀ takisí sí i, ó sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.