"Ọ̀gá, díìsìkì yín ti kú!" Irọ́ táwọn kan fi ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́

"Ọ̀gá, díìsìkì yín ti kú o!" Tí wọ́n bá sọ báyìí fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ nílé, àyà rẹ̀ á já. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ, àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́, ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ẹni tó bá ń gbé l'Ókè-Oyì, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin, lójú ọ̀nà Jẹ́bà, á tún gbé ẹ̀rọ náà wọkọ̀ lọ sígboro Ìlọrin. Owó ọkọ̀ lọ, owó iṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, díìsìkì ọ̀hún kò kú rárá, wọn ò so ó bó ṣe yẹ ni.

Àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó gbòde láàárín 1995 sí 2005 là ń sọ, irú èyí tí wọ́n ń já nínú kọ̀nténà l'Ékòó, tí wọ́n sì ń tà l'Ọ́tígbà, n'Íkẹjà. Wáyà pẹlẹbẹ tó fẹ̀, tó ní ihò 40, ni wọ́n fi ń so díìsìkì wọn. IDE ni wọ́n ń pè é. SATA tó rọ́pò rẹ̀, wáyà tín-ín-rín ló ń lò, kò lè wọ ojú IDE. Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.

Kí lẹ máa yẹ̀ wò? Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà iná lára ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo etí wáyà pẹlẹbẹ yẹn, ẹ máa rí ilà pupa kan. Ọ̀dọ̀ pin kìn-ín-ní ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Tí kò bá wọlé, ẹ má fagbára tì í, pin á tẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkejì, ike kékeré kan wà lẹ́yìn díìsìkì tí wọ́n ń pè ní jumper. Tí díìsìkì méjì bá wà lórí wáyà kan, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ Master, kí èkejì jẹ́ Slave. Báálé méjì ò lè máa pàṣẹ nínú ilé kan. Tí méjèèjì bá jẹ́ Master, kọ̀ǹpútà lè má rí ìkankan. Àwòrán bí wọ́n ṣe ń tò ó sábà máa ń wà lára díìsìkì fúnra rẹ̀.

Ìkẹta, tí ọjọ́ àti aago inú ẹ̀rọ bá ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tàn án, bátìrì roboto bíi kọ́bọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló ti tán. CR2032 ni ti ọ̀pọ̀ wọn. Tó bá ti tán, àwọn ẹ̀rọ kan á gbàgbé pé àwọn ní díìsìkì. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ wọ BIOS, kẹ́ ẹ yan Auto.

Ìkẹrin ni bí díìsìkì ṣe tóbi tó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti wà ṣáájú 1994 kì í kọjá 528 MB. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1998 máa ń dúró ní 8.4 GB, àwọn tó wà ṣáájú 2002 sì máa ń dúró ní 137 GB. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ lè má rí i, ó sì lè dákú sójú kan. Díìsìkì ò bàjẹ́, ó kàn ju agbára ẹ̀rọ lọ ni.

Ibi tí wàhálà gidi wà rèé o. Díìsìkì tuntun nílò FDISK àti FORMAT kí Windows tó lè rí i. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tí ẹrù yín wà nínú rẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tẹ FORMAT sí i kí wọ́n tó kó ẹrù yín síbòmíì. Tó bá sì ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, ìyẹn ló ń kú lọ lóòótọ́. Ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Tí wọ́n bá wá fi tuntun sí i, ẹ gba ti tẹ́lẹ̀ padà. Lọ́dún 2005, Basel Action Network láti Amẹ́ríkà ra díìsìkì tòkunbọ̀ l'Ékòó, wọ́n sì bá ìwé àṣírí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má fi tiyín sílẹ̀ fún ẹni tẹ́ ò mọ̀.