Ọjà Ìtòkú Nínú Fóònù: Bí Aládìrẹ Ṣe Ń Bá Oníbàárà Òkèèrè Pàdé

Ẹni bá wọ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta láàárọ̀, ohùn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí aṣọ. "Ẹ wá wò ó o! Adìrẹ tí kì í ṣí rèé o!" Ọ̀tún adìrẹ, òsì adìrẹ. Òmíràn rọ̀ sórí okùn, òmíràn wà ní ìdìpọ̀ lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọjá níwájú ìsọ̀ nìkan ni ohùn yìí ń pè. Àwọn tó ń pe ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ tẹ Ìtòkú lónìí, ẹni tó wà ní Ìlọrin tàbí ní Lọ́ńdọ̀n, ni mo wá wò.

Adìrẹ Ẹ̀gbá ti ń rìn jìnnà tipẹ́. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn oníṣòwò láti Sẹ̀nẹ̀gàl àti ilẹ̀ tó di Gánà lónìí máa ń rà á. Ohun tó yàtọ̀ báyìí ni pé ẹni tó ní tábìlì kan ṣoṣo lè bá ará òkèèrè dúnàádúrà fúnra rẹ̀, láìsí alárìnnà.

Ìsọ̀ màmá kan tó ń ta adìrẹ ẹlẹ́kọ àti oníko ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bójú tó fóònù. Wọn ò ní kọ̀ǹpútà, wọn ò sì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti bá wọn kọ́ ojúlé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. WhatsApp Business ni wọ́n ń lò, èyí tó jáde lọ́dún 2018, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ọmọbìnrin náà fa ẹlẹ́kọ kan yọ. Abẹ́ agboòrùn pupa ni tábìlì wọn wà, ṣùgbọ́n kò ya fọ́tò níbẹ̀. Ó gbé aṣọ náà lọ síbi ògiri funfun kan tí òjìji bò, ó fi í kọ́ dáadáa, ó ní kí n di etí kan mú kó má bàa ká. Mo bi í léèrè ìdí tó fi ń ṣe wàhálà tó báyìí.

"Ẹ̀gbọ́n, abẹ́ agboòrùn yẹn, aró á dà bí àwọ̀ àlùkò. Tí aṣọ bá wá dé ọwọ́ wọn, wọ́n á ní èyí tí àwọn rí kọ́ nìyí."

Ó ya odindi aṣọ. Ó sún mọ́ ọn, ó ya iṣẹ́ ara rẹ̀ débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ojú ìlà tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ kọ. Ó fi téèpù lé etí rẹ̀, ó yà á. Ó fẹ́ ṣíwọ́ níbẹ̀, ni ìyá rẹ̀ bá pè é láti orí àga: "Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?" Ojú kan ni wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ sí lára ẹlẹ́kọ, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í hàn kedere bí ojú. Ẹni tó mọ adìrẹ mọ èyí, àmọ́ ẹni tó ń rà á nígbà àkọ́kọ́ lè rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ọmọ náà yí aṣọ padà, ó ya ẹ̀yìn rẹ̀.

Gbogbo fọ́tò yìí bọ́ sínú àkójọ ọjà tó wà lórí WhatsApp náà, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò láàárín òru. Lábẹ́ wọn, ó kọ irú aṣọ, iye yáàdì, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, àti iye owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùtajà kì í kọ iye owó. Wọ́n á ní kí oníbàárà wá bi àwọn ní kọ̀rọ̀. Màmá ò fara mọ́ ọn. "Ẹni tí ò mọ iye tó jẹ́, ojú á tì í láti bèèrè. Á kàn kọjá lọ ni." Mo gbà pẹ̀lú màmá. Ẹni tó bá rí iye owó, tó sì ṣì kọ̀wé, ó ti fẹ́ẹ́ rà ná.

Nígbà tí obìnrin kan ra yáàdì márùn-ún tán, ọmọ náà kò tíì jẹ́ kó lọ. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nọ́ńbà wa pamọ́ sórí fóònù yín." Ó dúró títí obìnrin náà fi ṣe é. Ìdí abájọ ni pé ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà olùtajà pamọ́ kò ní rí iṣẹ́ tó bá fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà lórí WhatsApp. Èèyàn 256 ni àkójọ orúkọ kan lè gbà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ogójì tó fi nọ́ńbà pamọ́ sàn ju igba tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Fọ́tò orí Status ní tirẹ̀, wákàtí 24 péré ló ń lò, nítorí náà àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé aṣọ tuntun síbẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì, kó má bàa sú èèyàn.

Ní ìsọ̀ kan níwájú, bàbá tó ń ta adìrẹ oníbátànì fi ọ̀nà mìíràn hàn mí. Ó ti fi ìsọ̀ rẹ̀ sórí máàpù Google. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n Google á kọ́kọ́ wádìí pé ìsọ̀ náà wà lóòótọ́. Fọ́tò iwájú ìsọ̀, nọ́ńbà fóònù, àkókò tí wọ́n ń ṣí àti èyí tí wọ́n ń tì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Òkè Olúmọ kò jìnnà sí Ìtòkú. Àlejò tó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, tó wá adìrẹ lórí fóònù, lè rí ọ̀nà débẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ owó ni kò gba eré. Nígbà tí oníbàárà kan láti Èkó fi fọ́tò ìwé ìsanwó ránṣẹ́, ọmọ màmá kò wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀mejì. Áàpù báńkì tirẹ̀ ló ṣí, ó rí owó, kó tó di ẹrù. Álẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti kó ọ̀pọ̀ oníṣòwò sí gbèsè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè nọ́ńbà àṣírí tí WhatsApp tàbí báńkì fi ránṣẹ́ sí yín, olè ni.

Ẹrù náà lọ sí gáréèjì Kútọ̀. Kí mọ́tò tó gbéra, oníbàárà ti gba fọ́tò ẹrù náà àti nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà. Lẹ́yìn tí ẹrù bá dé ni wọ́n á bèèrè bóyá aṣọ bá ohun tó rí mu. Bó bá bá a mu, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ kó sọ fún ẹlòmíràn.

Ohun tí mo rí ní Ìtòkú kò ju èyí lọ, ó sì tó. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ áàpù ló ń mú oníbàárà òkèèrè wá, òótọ́ ni: fọ́tò tí kò parọ́, iye owó tó hàn, èsì tó yá, ẹrù tó dé bí a ṣe ṣèlérí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, bàtà, gàrí tàbí ọṣẹ dúdú, ẹ má dúró de ìgbà tí owó ńlá bá dé. Ẹ mú ọjà kan ṣoṣo lónìí, ẹ yà á níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì dá ẹni tó bá kọ́kọ́ bèèrè lóhùn kíákíá.